Lórí Oníròyìn Tí O Ní Ilé Wọn Ò Mọ̀

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Mọ́rẹ́nikẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó tún ń kọ́ mi lọ́gbọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ tuntun yẹn ń gbà ọ́ láyè kó o jẹun lásìkò? Bàbá rẹ ní kí n má fi ìkíni gun lẹ́tà yìí, torí ó mọ̀ pé bí mo bá ti mú bírò, ó di kí ilẹ̀ ṣú. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ lẹ́tà, èmi àbí òun?

Mo mọ̀ pé o máa bèèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́. Mo pè ọ́. O ní, "Mọ́mì, mo wà nínú ìpàdé, màá pè yín padà." Mo ṣì ń retí ìpè yẹn. Nígbà tí mo rò ó títí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, nítorí pé o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kò sì sí bí o ṣe fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Wàsíù ẹ̀gbọ́n rẹ ni yóò ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, òun náà ni yóò fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Jọ̀ọ́, kà á tán kó o tó fèsì.

Nígbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ìwádìí ní Ìbàdàn, tó o wá ṣàlàyé fún wa pé iṣẹ́ rẹ ni láti wá àwọn obìnrin tó kọ ìròyìn sínú ìwé ìròyìn láyé ọjọ́un, tí ayé ti gbàgbé wọn, bàbá rẹ bèèrè bóyá ìyẹn náà ti di iṣẹ́. Èmi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀, mo sì fọ ojú mi kí n tó jáde. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi máa ń ka ìwé ìròyìn sókè lẹ́yìn oúnjẹ, bó bá sì ti ka orúkọ obìnrin lórí ìròyìn kan, ìyá mi á ní kó tún orúkọ yẹn kà. Kì í ṣe ìròyìn náà o, orúkọ yẹn ni. Mo rántí bí ojú ìyá mi ṣe máa ń rí nígbà náà, ó wù mí kí ìwọ náà rí i.

Ó dáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o fi ohun tó o ti kọ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá ọ yẹ àmì ohùn orí rẹ̀ wò, torí pé ìyá rẹ fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá ní Odògbolú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì rẹ ò burú. Ṣùgbọ́n mo dé ibi tó o ti ń sọ nípa Sùwébátù Àyọ̀ká, obìnrin tó máa ń kọ ìròyìn kóòtù àti ìròyìn ọjà ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú, mo sì rí i tó o kọ ọ́ báyìí pé: "A dé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti kú."

Ọmọ mi, Sùwébátù Àyọ̀ká ò kú. Wọ́n wà ní Ìbẹ̀fun, nílé ọmọ wọn ọkùnrin. Èmi àti àwọn jọ jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. O sì ti sọ fún mi pé ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ máa kó iṣẹ́ náà fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Bí gbólóhùn yẹn bá jáde, ìwọ tó o ní ò ń wá àwọn obìnrin tí ayé gbàgbé, ìwọ gan-an lo máa sin ọ̀kan nínú wọn láàyè.

Má bínú, ọ̀rọ̀ náà le, àmọ́ mi ò rí èyí tó rọ̀ jù ú lọ. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní àṣàlátù, Ìyá Sùlé jókòó tì mí. Ìyá Sùlé ni ìyàwó àgbà nínú ilé tó o lọ yẹn, àwọn ni ẹni tó o bá níwájú ilé tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Bí àdúrà ṣe parí ni wọ́n fọwọ́ tọ́ mi ní itan.

"Ọmọ rẹ wá sílé wa," ni wọ́n wí. "Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò tíì jókòó tó fi yọ fóònù, ó nà án sí mi lẹ́nu, ló bá ń pe orúkọ ọmọ ọkọ mi gbàgàdà. 'Ṣé ẹ mọ Sùwébátù?' Kí n wá fi ẹnu ara mi pe orúkọ yẹn? Ọmọ ọkọ tí mo bá nílé! Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, Eyínfúnjowó ni mò ń pè wọ́n. Ta ló sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé e wá? Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyàwó yòókù náà ní àwọn ò mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Ẹ ò wá sọ fún un pé Eyínfúnjowó lẹ ń pè wọ́n?"

"Ṣé ó bi mí léèrè Eyínfúnjowó ni?"

Ìgbà náà ni wọ́n wá júwe ilé tí Sùwébátù wà ní Ìbẹ̀fun fún mi. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀ o. Èmi ni mo tún un kọ, nítorí ìwọ ọmọ Ìbàdàn ò ní gbọ́ ìdajì. Àwọn ọmọdé ilé náà tó o bi ńkọ́? Ìyá Ìbẹ̀fun làwọn mọ̀ wọ́n sí, ìyá tó máa ń fún wọn ní gúgúrú nígbà Iléyá. Àwọn ọmọ ilé tó lè pe orúkọ yẹn láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́sàn-án tó o lọ. Gbogbo ilé ló mọ̀ wọ́n, Mọ́rẹ́. Ìwọ lo kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó lè dá ọ lóhùn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní rèé. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí à ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Má ṣe bi ìyàwó ilé ní orúkọ ọmọ ilé. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ilé yìí kan wà tó máa ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn nígbà kan, kí lẹ ń pè é?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ fún ọ, wọ́n á tún kọ oríkì rẹ̀ lé e. Má rò pé mò ń bú ọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá rẹ, orí mi kún fún ìwé kíkà, mo pe àbúrò ọkọ mi tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lórúkọ níwájú gbogbo ilé: "Kàmọ́rù, wá bá mi sọ garawa yìí!" Àwọn ìyàwó àgbà ní kí n kúnlẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀ kí n sì wá orúkọ tí màá máa pè é. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí ikun ń dà nímú rẹ̀. Adúmáadán ni mo sọ ọ́. Àbúrò bàbá rẹ ọ̀hún nìyẹn tí orí rẹ̀ ti pá, tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bí mo bá pè é ní Adúmáadán títí di òní, á sáré dáhùn ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí: kì í ṣe ti Sùwébátù nìkan ni mo kà nínú iṣẹ́ rẹ. "Ilé rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n" pọ̀ níbẹ̀. Ó wà lórí obìnrin Ìjagun yẹn, ó wà lórí èyí tó ń kọ nípa ilé ìwé. Àbí gbogbo wọn náà ló jẹ́ pé ìyàwó ilé lo bi? Padà lọ, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, oòrùn sì ń mú, ṣùgbọ́n padà lọ.

Èkejì, ọ̀rọ̀ fóònù yẹn. Nígbà tí mo di tíṣà tuntun ní Odògbolú, ọmọbìnrin kan ò wá sílé ìwé, mo bá gbé rẹ́jísítà mọ́ àyà, ó di ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ní ó ti lọ sí Èkó. Mo sì ń rí ẹsẹ̀ ọmọ náà lábẹ́ ilẹ̀kùn bí mo ṣe ń wò yìí. Inú bí mi, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọdé sọ sí ìyá ọlọ́mọ, mo sì bínú lọ. Ìyá àgbà kan ló bá mi níta, ó ní, "Tíṣà, ìwé ọwọ́ rẹ yẹn ló ń lé wọn wọlé." Nígbà tí mo padà lọ, mo lọ lọ́wọ́ òfo, mo jókòó, mo bá wọn gé ilá. A ò tíì gé e tán tí wọ́n fi sọ fún mi pé ọmọ náà ń tọ̀ sílé, ojú ló ń tì í láti wá sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe inú fóònù. Fi fóònù yẹn sínú báàgì títí wọ́n á fi bi ọ́ pé ṣé o ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n á bi ọ́, mo mọ àwọn àgbà. Bí ẹ̀gúsí bá wà nílẹ̀, bá wọn bó o.

Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yìí ò tilẹ̀ jọ ìmọ̀ràn, ohun tí mo rí ní Ìbẹ̀fun ni mo fẹ́ sọ.

Màmá Sùwébátù ti di arúgbó, Mọ́rẹ́. Ojú kan ò ríran mọ́, èkejì ń ríran díẹ̀. Ṣùgbọ́n orí wọn pé ju tèmi lọ, eyín funfun tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ sì ṣì wà lẹ́nu wọn, ó ku díẹ̀ kí n jowú. Mo sọ fún wọn pé tíṣà ni mí, wọ́n sì ń pè mí ní Tíṣà láti ìgbà yẹn. Mo ní ọmọ mi ń kọ̀wé nípa wọn. Wọ́n ní, "Nípa èmi?" Mo wá sọ ohun tó o kọ fún wọn, torí mi ò lè jókòó ti àgbà kí n máa bo ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lójú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Pé mo ti kú? Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn," ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, ọ̀gá wa ní ojú ò gbà á kí aláboyún máa sáré kiri kóòtù. Wọ́n ní kí n jókòó sí ọ́fíìsì kí n máa tún ìròyìn àwọn ọkùnrin kọ. Ẹlòmíì á mú ọ̀rọ̀ játijàti wá, èmi á tò ó kó tó ṣeé kà, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n á fi sórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé ìyá mi láti bá a kẹ́dùn. Wọn ò rí orúkọ mi mọ́, wọ́n ní ó dájú pé mo ti kú sórí oyún."

Mo kàn di ọwọ́ wọn mú. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an, nítorí mo rántí pé ìyá mi náà bèèrè lọ́wọ́ bàbá mi nígbà kan pé, "Àwọn obìnrin tó máa ń kọ̀wé yẹn dà?" Bàbá mi kàn ṣí ojú ìwé kejì.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o, má torí ìtàn yìí wá sọ wọ́n di ẹni àánú nínú ìwé rẹ. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ ṣáájú. Wọ́n ní, "Sọ fún ọmọ rẹ kó má wá sunkún lé mi lórí. Kó lọ ka iṣẹ́ mi. Bó bá sì rí ibi tí mo ti ṣì í, kó sọ ọ́." Mo bi wọ́n pé èwo ló wù wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Mo rò pé wọ́n á dárúkọ ìròyìn ńlá kan. Wọ́n ní ìgbà kan wà tí àwọn kọ ọ́ pé obìnrin aláṣọ kan jẹ̀bi ní kóòtù, kí àwọn tó mọ̀ pé ilé ẹjọ́ kàn sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú ni. Obìnrin náà ò rí ọjà tà mọ́. Màmá wọ ọkọ̀ lọ bá ọ̀gá wọn, ọ̀gá ní ìwé ìròyìn kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá aláṣọ. Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní dìde, àfi bó bá tẹ àtúnṣe náà pẹ̀lú orúkọ àwọn lábẹ́ rẹ̀. "Àtúnṣe kékeré yẹn," ni wọ́n wí, "òun ló wù mí jù."

Ǹjẹ́ o rí ẹni tó o fẹ́ kọ pé ó ti kú?

Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé mọ́, bàbá rẹ sì ń bèèrè oúnjẹ ọ̀sán. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù á máa bà ọ́ láti lọ bá ọ̀gá rẹ. Iṣẹ́ tuntun ni, wọ́n sì ń yìn ọ́ pé ọwọ́ rẹ yá. Ó dùn kí wọ́n máa yin èèyàn, mi ò ní ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Sọ fún un pé, "Mo ṣì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n tún un ṣe." Gbólóhùn yẹn ò gùn. Bó bá gbà, àlùbáríkà. Bí kò bá gbà, yọ orúkọ Sùwébátù kúrò nínú iṣẹ́ náà pátápátá títí o fi máa rí wọn. Kí ìwé má sọ nǹkan kan nípa wọn sàn ju kí ó sọ pé wọ́n ti kú lọ. Bó bá sì bínú sí ọ, wá sílé wá jẹ ìkọ́kọrẹ́, ìbínú ọ̀gá kì í pa èèyàn. Èmi ìyá rẹ wà lẹ́yìn rẹ.

Nígbà tó o bá ń bọ̀, mú búrẹ́dì tó rọ̀ dání fún màmá, wọn ò fẹ́ràn èyí tó le. Má gbé gàrí lọ sí Ìbẹ̀fun o, wọ́n á ní orí rẹ ti dàrú ní Ìbàdàn. Kọ́kọ́ kí ọmọ wọn, kó o sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ló ń tọ́jú wọn. Nígbà tí ìwé náà bá sì jáde, kì í ṣe kó o fi ránṣẹ́. Gbé e wá, jókòó tì wọ́n, kà á sí wọn létí ní Yorùbá, torí ojú tó kù yẹn ò lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́.

Lánàá mo tún padà lọ, mo ti ṣèlérí pé màá mú ewúro lọ fún wọn. Orí àga níta ni mo bá wọn, wọ́n ti wọ aṣọ àdìrẹ tó ti parẹ́ díẹ̀, gèlè wà lórí wọn. Ìyàwó ọmọ wọn fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní láti ọjọ́ Túsìdeè tí mo ti kúrò, bí wọ́n bá ti kírun Súbúù ní ìdájí tán ni wọ́n á wẹ̀, wọ́n á múra, wọ́n á jókòó síbẹ̀. Wọ́n máa ń sùn lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀. Wọn ò sùn mọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á na ọrùn. Ó ní bí àwọn bá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n á ní oníròyìn kan ń bọ̀ wá rí àwọn láti Ìbàdàn.

Èmi náà lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ wọlé sinmi, bó bá dé, a ó pè yín."

Wọ́n ní, "Rárá, Tíṣà. Mo ti rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi kí n lè rí ọ̀rọ̀ kọ. Mo mọ bó ṣe máa ń rí nínú èèyàn bí wọ́n bá ní onílé ò sí nílé. Mi ò ní jẹ́ kó ṣe ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀la ni Sátidé, Mọ́rẹ́. Wọ́n ti jókòó. Máa bọ̀.

Ìyá rẹ tó bí ọ, tí inú rẹ̀ sì ń dùn sí ọ,
Àlàájà Sìfáwù.